Fáìlì tí Fásanmí Kò Gbé Jáde

Bí ẹ bá dé Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo, tí ẹ béèrè Bàbá Fásanmí, wọ́n lè ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè Bàbá Bíyù, ọmọdé pàápàá yóò sìn yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Orúkọ ọ́fíìsì ni, ó sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí orúkọ náà ti wá, nítorí òun ló gbé ọkùnrin yìí ga, òun náà ló sì gbé e ṣubú.

Iléṣà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1956. Aṣọ ni àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ń tà, wọ́n ń gbé e láti ìlú dé ìlú, òun nìkan ló ní iṣẹ́ ìwé ló wu òun. Ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, nígbà tí wọ́n sì dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó wá sí Òṣogbo. Wọ́n fi í sí rẹ́jísìrì, ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí, ní iléeṣẹ́ ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. Níbẹ̀ ló wà títí ó fi di ọ̀gá ibẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti fẹ̀yìn tì ní 2016.

Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ìjọba rí lè má mọ̀ pé fáìlì a máa sùn, a sì máa jí. Bí ọ̀gá bá ka ìwé kan lónìí, tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó, yóò kọ lẹ́tà méjì sí etí rẹ̀, B àti U, yóò sì kọ déètì sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹni tó wà ní rẹ́jísìrì tọ́jú fáìlì náà, kí ó sì gbé e padà wá sórí tábìlì òun ní ọjọ́ náà gan-an. Bíyù ni wọ́n ń pè é. Ìwé ńlá kan wà tó yẹ kí wọ́n máa kọ gbogbo rẹ̀ sí, ojú ewé kan fún ọjọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ṣí i, kí ó rí ohun tí ọjọ́ náà ń béèrè.

Fásanmí kì í ṣí ìwé yẹn. Orí rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Láàárọ̀, bó ti ń fi orín fọ ẹnu, yóò máa ka fáìlì ọjọ́ náà lórí ìka: ti ilé-ìwé, ti àwọn awakọ̀, ti obìnrin tó fẹ́ gba ìsinmi ìbímọ. Kí agogo mẹ́jọ ààbọ̀ tó lù, gbogbo wọn ti wà lórí tábìlì ẹni tó ni wọ́n. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjìlélógún, fáìlì kan kò sì fo ọjọ́ rẹ̀.

Ìgbéraga sì wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, n kò ní tìtorí ìyẹn parọ́ fún yín: ó gbéra ga. Bí akọ̀wé kékeré bá yọjú sí fèrèsé rẹ́jísìrì, tó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé fáìlì mi o," Fásanmí yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò wò ó láti òkè dé ilẹ̀, yóò ní, "Ta ni o ń bá sọ̀rọ̀?" Onítọ̀hún yóò dọ̀bálẹ̀, yóò tọrọ àforíjì kí ó tó lọ. Nígbà tó yá, ó di òfin tí ẹnìkan kò kọ sílẹ̀ pé a kì í rán Bíyù létí. Ìwé ńlá yẹn wà lábẹ́ kọ̀ǹpútà kan tó ti bàjẹ́, eruku bò ó. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi ń ṣọgbọ́n, ìmọ̀ ẹnìkan kò tó bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ pa òwe yẹn fún un?

Ọmọ Ìwàrà, nítòsí Iléṣà, ni Awóníyì. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan náà, ó sì fi bí ọdún mẹ́wàá kéré sí Fásanmí. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá náà, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́ ni Awóníyì ń ti Òṣogbo lọ sílé, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ní oṣù Karùn-ún ni ìwé dé pé wọ́n ti gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó wà ní Àbújá.

Ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Dírẹ́kítọ̀ kà á, àánú ṣe é. Ó ní ìgbìmọ̀ tó ń pín òṣìṣẹ́ kiri yóò jókòó ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà, òun fúnra òun yóò sì gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú wọn. Ó kọ B àti U sí etí ìwé náà, ó kọ déètì, ó sì gba ìrìn-àjò lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Fásanmí mú fáìlì Awóníyì jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e sórí tábìlì tirẹ̀. Ó rántí ìyẹn dáadáa. Ó rántí pé òórùn kẹrosíìnì ṣàdédé gba òun nímú, ó sì ń rò ó pé ta ló ń da kẹrosíìnì ní ọ́fíìsì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò rántí nǹkan kan. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, àwọn fáìlì mìíràn ló bá lọ́wọ́ ara rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì fẹ́ lélẹ̀. Ó rò pé ebi ni, ó rán ọmọ abẹ́ rẹ̀ lọ ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá. Ọ̀sán ti pọ́n kí ó tó gbé ìgbọ̀nwọ́ kúrò lórí tábìlì, tó rí orúkọ Awóníyì lábẹ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti jókòó, wọ́n ti dìde, wọ́n ti fọwọ́ sí orúkọ gbogbo ẹni tí ń lọ.

Dírẹ́kítọ̀, tó jẹ́ pé láti ojú ọ̀nà ló ti sáré wo tábìlì rẹ̀ kí ó tó bọ́ sínú ìpàdé náà, ránṣẹ́ pè é; ìgbìmọ̀ kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí fáìlì rẹ̀ kò sí níwájú wọn. Ó béèrè pé fáìlì Awóníyì dà, kí ló dé tí òun kò bá a lórí tábìlì òun?

"Wọn kò tíì dá a padà láti ọ́fíìsì òkè, sà," ni Fásanmí wí.

Irọ́ ni. Kò pa irú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá náà gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí Bíyù kì í gbàgbé. Awóníyì lọ sí Àbújá. Ní oṣù Kẹsàn-án, ìyá rẹ̀ kú ní Ìwàrà. Obìnrin aládùúgbò kan ló ń yọjú sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọ̀sán ló kú, kò sí ẹnìkan lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí Awóníyì ti Àbújá dé láti sin òkú, Fásanmí ló ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ lọ kí i. Awóníyì dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ kò ní fi irú rẹ̀ gbà á." Wọ́n gbé oúnjẹ wá, Fásanmí kò lè jẹ ẹ́. Àṣegbé kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ọdún mọ́kànlá gbáko, kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, kò sọ fún pásítọ̀ rẹ̀.

Nọ́síràtù, ìyàwó rẹ̀, ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé nǹkan ń ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni. Ọkùnrin náà yóò máa sọ̀rọ̀ lọ, yóò dákẹ́ lójijì, ojú rẹ̀ yóò là sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò máa jẹ nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Láìpẹ́ yóò tún padà, yóò ní, "Kí ni mo ń wí?" Bí ẹ bá bi í ní orúkọ tíṣà tó kọ́ ọ ní ABD, yóò dárúkọ rẹ̀, yóò dárúkọ ajá tíṣà náà mọ́ ọn. Ohun tó kù tí yóò ṣe ni kò lè dì mú mọ́. Wọ́n rán an lọ ra gáàsì ní Òkè-Fìà, ó gbé sílíńdà òfìfo padà wálé. Ọlámilékan, ọmọ rẹ̀, ń bọ̀ láti Ìbàdàn, bàbá ní òun yóò lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì. Wákàtí méjì ni ọmọ fi dúró, bàbá wà nílé, ó ń ka ìwé ìròyìn.

"Ẹ̀san ti dé," ni ó ń wí nínú ara rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé ogbó ti ń ra òun níyè. Ohun tó sì ń bà á lẹ́rù ju ikú lọ ni pé orí tó ti ń jò yìí yóò jo ọ̀rọ̀ Awóníyì dànù kí òun tó ní ìgboyà láti sọ ọ́. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí ó bá lọ lórí òun, ó lọ nìyẹn.

Nọ́síràtù ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tí wọ́n bá níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìwàlẹwà, ní kí ó fọ irun rẹ̀, kí ó má fi òróró sí i, kí ó padà wá ní ọjọ́ kejì. Nígbà tó dé, wọ́n ní kí ó jókòó sórí àga gbọọrọ, wọ́n fi nǹkan funfun kan tó ń lẹ̀ mọ́ra lẹ wáyà bí ogún mọ́ ọn lórí.

"Ṣé iná ni ẹ fẹ́ fi sí mi lórí ni, dókítà?"

Ìwàlẹwà rẹ́rìn-ín. "Rárá o, bàbá. Iná ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọpọlọ gbogbo wa ló ní iná kékeré tó ń ru tó ń rọ̀ bí ìgbì omi. Ẹ̀rọ yìí kàn ń yà á sílẹ̀ ni, kí a lè fojú rí i."

Ó wá fún un ní iṣẹ́ méjì. Àkọ́kọ́, kí ó máa ka oṣù inú ọdún láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Èkejì, òun yóò máa sọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ sí i létí. Nígbàkígbà tí òun bá dárúkọ ìlú kan, kí ó gbé ìka òsì sókè. "Ti oṣù ni iṣẹ́ ìsinsìnyí. Ti ìlú ni èyí tó ń bọ̀ níwájú. Ẹ máa ṣe èkíní, kí ẹ má sì jẹ́ kí èkejì bọ́ lọ́wọ́ yín."

"Bíyù ni ẹ ń wí," ni Fásanmí wí, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà.

Ó gbé ìka nígbà tí ó gbọ́ Ẹdẹ. Ó gbé e nígbà tí ó gbọ́ Ìkìrun. Lẹ́yìn náà ni òórùn kẹrosíìnì gba yàrá náà. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, dókítà ń wo ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti dárúkọ Ìrágbìjí, ìka kan kò sì mira.

Ó fi ìlà náà hàn án. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, ó ń lọ jẹ́jẹ́, ó wá di ṣóńṣó ṣóńṣó bí eyín ayùn, lẹ́yìn èyí ó tún rọ̀. Kò pé ìṣẹ́jú kan.

"Ṣé wárápá ni?"

Ìwàlẹwà yíjú sí i. "Ó bá a tan, sà. Tiyín kì í gbé yín ṣánlẹ̀. Ó kàn ń gba ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ́wọ́ yín, ó sì ń mú ohun tí ẹ fẹ́ ṣe lọ. Oògùn wà fún un. Kì í ṣe pé ogbó ń ra yín níyè."

"Láti ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀rọ yìí kò lè ka àná, bàbá. Òní nìkan ló ń kà."

Fásanmí sọ ti òórùn kẹrosíìnì ọdún 2013 fún un, kò sọ ti fáìlì. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun náà ni, ṣùgbọ́n òun kò lè búra. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó fún un.

Ẹ ò bá rí ayọ̀ ọkùnrin yìí nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn lọ sílé. Ó ń fọwọ́ pa ìwé náà nínú àpò bí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá sílẹ̀. Àìsàn ni! Kì í ṣe òun! Ọdún mọ́kànlá ló fi ń jẹ ara rẹ̀ níyà lórí ohun tí iná inú orí ṣe.

Ayọ̀ náà kò pé ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni yóò máa lo oògùn, Nọ́síràtù sì ra ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé kan fún un, ó ní, "Bàbá Ọlámilékan, bí ẹ bá ti lò ó, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ má fi orí dá a." Ó mú bírò, ó kọ ọ́. Ìlà kan péré ni. Ó wo ìlà náà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tí yóò kọ nǹkan sílẹ̀ kí ó má baà gbàgbé, kò sì gbà á ju bí ẹni mí lẹ́ẹ̀mejì lọ.

Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ìwé ńlá rẹ́jísìrì yẹn. Ká ní ó kọ orúkọ Awóníyì síbẹ̀ ni, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ì bá ṣí i, ì bá rí i, ì bá gbé fáìlì lọ. Àìsàn ló gba ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ rẹ̀; òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ìwé sínú eruku. Irọ́ tó pa fún dírẹ́kítọ̀ ńkọ́? Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere nígbà tó pa á. Lábẹ́ ìlà oògùn, ó kọ ìlà mìíràn: Awóníyì. Ìwàrà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Dókítà ti ní kí ó má dá rìn, nítorí náà ó ní láti sọ fún Nọ́síràtù. Obìnrin náà gbọ́ ọ títí dé òpin, kò jágbe. "Ọdún mọ́kànlá, Bàbá Ọlámilékan?" ló wí, ó sì lọ mú gèlè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Ìwàrà, ó jókòó sí ìsọ̀ obìnrin kan lójú títì, ó ní kí ọkọ òun máa lọ.

Awóníyì ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Oko kòkó ló ń ṣe, ilé ìyá rẹ̀ náà ló sì ń gbé. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí àlejò rẹ̀. "Ọ̀gá mi! Ẹ wọ ulé, ẹ wọ ulé!" Ahọ́n Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò.

Fásanmí kò jókòó. Ó ṣí fìlà, ó sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró: fáìlì tó wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, irọ́ tó pa, oúnjẹ ìsìnkú tí kò lè jẹ. Ìwé dókítà wà nínú àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé òun kò ní fà á yọ. Ẹni tó wá tọrọ àforíjì kì í mú lọ́yà dání. Nígbà tó parí, ó fẹ́ kúnlẹ̀.

Awóníyì dìde gìrì, ó dì í mú. "Ẹ má dán an wò, ọ̀gá. Èèwọ̀ ni." Ó fà á jókòó sórí àga, òun náà jókòó.

"Mo mọ̀ pé fáìlì náà kò sí lókè," ló wí.

Fásanmí wò ó.

"Mo wá sí rẹ́jísìrì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Agogo mẹ́sàn-án kò tíì lù. Mo rí fáìlì mi lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ yín. Mo ní, 'Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá,' ẹ kò dáhùn. Ògiri ni ẹ ń wò, ẹnu yín ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi, mo fẹ́ ní, 'Ọ̀gá, ti Yèyé mi o.' Mo wá rò ó pé wọn kì í rán yín létí. Mo ní inú lè bí yín, kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀. Ni mo bá yí padà." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ẹ̀yin ń sọ ti ọdún mọ́kànlá. Kí ni ẹ rò pé èmi fi ọdún mọ́kànlá ṣe nínú ilé yìí? Ẹnu mi ni mo fi pa Yèyé, nítorí mo pa á mọ́."

Àánú ọkùnrin náà gbọn Fásanmí jìgìjìgì. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú àpò kí ó tó mọ̀. Lọ́yà tí kò fẹ́ mú wá fún ara rẹ̀, ó fà á yọ fún Awóníyì.

"Ka èyí. Àìsàn ló mú mi níbi tí o ti rí mi yẹn. Ká ní o pariwo ni, n kò ní gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ rárá."

Awóníyì ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì dókítà pọ̀ nínú rẹ̀. Ó tún un kà. Ìrètí díẹ̀ yọ lójú rẹ̀, ó sì gbé orí sókè.

"Ìṣẹ́jú mélòó ló máa ń gbà, ọ̀gá?"

Fásanmí mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń béèrè. Bí òun bá ní wákàtí kan, bí òun bá ní títí di ọ̀sán, ẹrù yóò sọ̀ lórí rẹ̀ títí láé, ẹnìkan kò sì ní já irọ́ náà. Ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ ti là. Ó rántí bí irọ́ àkọ́kọ́ ti rọrùn tó.

"Ìṣẹ́jú kan," ló wí. "Bó bá pọ̀ jù, méjì."

Awóníyì ká ìwé náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó dá a padà fún un.

"Ìṣẹ́jú méjì," ló wí. "Ǹ bá dúró."

Fásanmí fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì sunkún ìyá náà bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ló kú.